Àtẹ̀gùn Mẹ́tàlá

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò sọ fún yín pé èèyàn rere ni bàbá àgbà mi, ẹ dúró níbikíbi ní Oǹdó tàbí ní Àkúrẹ́, kí ẹ dárúkọ Bàbá Lọ́yà. Ẹ ó rí ẹni mẹ́wàá kí ẹ tó ṣẹ́jú. Èmi náà á sọ ọ́, nítorí òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni ọmọ ọmọ wọn, èmi ni mo jókòó sí ọ́fíìsì wọn fún ọdún mẹ́sàn-án, inú wọn sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn èèyàn ní a kì í bá òkú jà. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ tẹnu mi.

Akíndùró ni orúkọ wọn. Oǹdó ni ilé wọn wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Bọ́lọ́rundúró níbi tí oko kòkó wọn wà, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni ọ́fíìsì wọn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wa Píjò àtijọ́ kan lọ síbẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn wà á títí wọ́n fi lé ní ọgọ́rin ọdún. Kọ́là funfun tí àwa agbẹjọ́rò ń so mọ́rùn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń po ògì sí i, tí wọ́n á lọ̀ ọ́ títí yóò fi le bíi páálí. Wọ́n ní ẹni tó bá gbé kọ́là rẹ̀ fún ìyàwó lọ̀, ìyàwó náà ló yẹ kó lọ rojọ́. Gẹ̀ẹ́sì wọn dán, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí wọn, Oǹdó ló ń jáde, ilé á di ulé lẹ́nu wọn, a ó sì mọ̀ pé ó yẹ ká wá ibòmíràn gbà.

Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú mi. Ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn títí dòní. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa l'Óǹdó, nígbà tí mo sì bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ìdí ni mo fi ń wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí wọn. Bàbá rí mi níjọ́ kan. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n po sìmẹ́ńtì fúnra wọn, wọ́n sì tẹ́ ẹ gẹ̀rẹ́ láti ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, kí n lè máa fi ọ̀pá mi rìn wọlé. Iṣẹ́ náà kò gún rárá. Adìẹ kan gba orí rẹ̀ kọjá kó tó gbẹ, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ di òní. Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí bíríkìlà tún un ṣe. Bàbá ní, "Bí adìẹ bá lè gùn ún, Fọlákẹ́ á gùn ún."

Gẹ̀rẹ́ ni gbogbo wa ń pe ibẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí Bàbá sọ àṣà kóòtù kan fún mi. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àgbà lọ́yà á dìde, á sọ orúkọ ara rẹ̀ fún adájọ́, á sọ ẹni tó wá rojọ́ fún, á wá dárúkọ àwọn lọ́yà kéékèèké tó bá a wá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ á dìde, á tẹríba, adájọ́ á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí wọn ò bá dárúkọ rẹ, o ò wá nìyẹn, kódà kí o jókòó sí iwájú pátápátá. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè dárúkọ ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú wọn. Wọ́n ní, "Lọ́jọ́ tí o bá di lọ́yà, èmi ni n ó dárúkọ rẹ níwájú adájọ́."

Mo gbà wọ́n gbọ́. Torí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe ka òfin. Kí wọ́n dárúkọ mi kí adájọ́ sì kọ ọ́, ohun tí mo ń wá nìyẹn, mi ò wá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ni wọ́n mọ̀ jù. Gbogbo ayé ló mọ ọgbọ́n wọn: bí àwọn lọ́yà méjì bá ti ń fa ìwé àwòrán ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Bàbá á pa Gẹ̀ẹ́sì tì, wọ́n á kọjú sí adájọ́, wọ́n á ní, "Olúwa mi, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó." Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n máa ń fi Yorùbá sọ ní kóòtù. Òfin gbà bẹ́ẹ̀. Adájọ́ lè kó gbogbo kóòtù lọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé. Nígbà kan ní Bọ́lọ́rundúró, wọ́n mú mi dání, mo jókòó sínú Píjò, mo ń wo adájọ́ tó ń fi bàtà dídán rìn nínú ẹrẹ̀ oko kòkó. Ìwé ní odò ni ààlà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, odò wà lọ́tọ̀, pèrègún tí àwọn bàbá ńlá gbìn sí ààlà wà lọ́tọ̀. Ẹjọ́ parí lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, Bàbá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Tábìlì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kò sì dé oko rí."

Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Mo fẹ́ padà sí i.

Àwọn tí ẹlòmíràn kò gbà ni wọ́n ń gbà. Àǹtí Ráfíátù wá láti Ìkàrẹ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó dára ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ọ́fíìsì mẹ́ta ní Àkúrẹ́ ló dá a padà. Ọ̀kan ní ìborùn tó fi ń bo orí kò ní jẹ́ kí wíìgì lọ́yà jókòó, èkejì ní ìyàwó tuntun ni, oyún kò ní pẹ́ dé, ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó. Bàbá gbà á lọ́jọ́ tó dé. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ lọ́yà bá wọn jà sí i, wọn ò sì jọ jẹun mọ́ fún bí ọdún kan. Oyún dé lóòótọ́, Àǹtí Ráfíátù sì ń rojọ́ lọ pẹ̀lú ikùn níwájú. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn yẹn tún fẹnu bà á nílé ẹjọ́, Bàbá dá a lóhùn lójú gbogbo èèyàn pé, "Ọpọlọ ni mo gbà síṣẹ́, mi ò gba ìborùn."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ózì, ọmọ Ìgbìrà tí bàbá rẹ̀ ń ro oko kòkó fún wa. Bàbá ló rán an níwèé, àwọn náà ni wọ́n sì fún un ní gáùnù lọ́yà àkọ́kọ́. Ahọ́n rẹ̀ wúwo díẹ̀ bó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn lọ́yà kan á sì máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá yí padà sí wọn níjọ́ kan. "Ẹjọ́ ló ń rò," ni wọ́n wí, "kì í ṣe orin ló ń kọ."

Ní ilé ẹjọ́ àtijọ́ tí a ń lò ní Àkúrẹ́, àwọn ọkùnrin ní yàrá tí wọ́n ti ń wọ gáùnù, àwọn obìnrin kò ní. Ẹ̀yìn Píjò Bàbá ni Àǹtí Ráfíátù ti ń múra. Bàbá á kẹ̀yìn sí i, wọ́n á na gáùnù tiwọn bíi kọ́tìnnì, àwọn tó ń kọjá á sì máa wo àgbàlagbà tó na apá méjèèjì nínú oòrùn bí ẹni tó ń lé ẹyẹ. Àwọn obìnrin mìíràn gbọ́, wọ́n ń tò sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Bàbá ṣèlérí fún gbogbo wọn pé kí àwọn tó kú, àwọn obìnrin á ní yàrá.

Ẹ rí i pé ìlérí méjì ló wà nílẹ̀ báyìí, tiwọn àti tèmi.

Lẹ́yìn tí Èkìtì gba ìpínlẹ̀ tiwọn, tí àwọn lọ́yà ibẹ̀ kó fáìlì wọn lọ sí Adó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ẹjọ́ tuntun kan sí Àkúrẹ́. Mo wà níléèwé nígbà náà. Mo mọ̀ pé àwọn lọ́yà yan ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn tó ń kọ́lé sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé Bàbá ni alága. Nígbà tí mo parí tí mo di lọ́yà, ilé náà ti dúró, ó rẹwà, wọ́n kùn ún ní funfun. Bàbá fi Píjò gbé mi lọ síbẹ̀ fún ẹjọ́ mi àkọ́kọ́. Kọ́là tí wọ́n lọ̀ fúnra wọn ló wà lọ́rùn mi.

Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá ni mo bá níwájú ilé náà. Ó ga, kò sí ibi tí èèyàn lè dì mú. Bàbá ti wọlé ṣáájú nítorí àkókò ti tó. Àwọn ọlọ́pàá kóòtù méjì ní àwọn á ràn mí lọ́wọ́, kí n sì tó fèsì, wọ́n ti gbé mi, ọ̀kan lábẹ́ apá, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, bí ẹni gbé àpò kòkó. Gáùnù mi ká sókè. Àwọn èèyàn ń sọ pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ o. Nígbà tí wọ́n fi gbé mi dé inú, Bàbá ti dárúkọ àwọn tó bá wọn wá tán, tèmi kò sí níbẹ̀. Adájọ́ sún ẹjọ́ náà síwájú, wọ́n tún gbé mi sọ̀kalẹ̀. Mo sunkún nínú Píjò títí a fi kọjá ìta Àkúrẹ́. Mo ní mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé mi bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Bàbá di sítíárìn mú gírígírí, wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "Ìjọba ni, Fọlákẹ́. Ìjọba ò ro tiyín."

Mo bú ìjọba lọ́jọ́ náà, wọ́n sì bá mi bú u.

Mo wá di ará inú ọ́fíìsì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń kọ ìwé ẹjọ́ tí ẹlòmíràn ń lọ kà. Mo mọ òfin ilẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìdáná, Ózì àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì máa ń wá bi mí kí wọ́n tó lọ. Lọ́sàn-án, Bàbá á dé pẹ̀lú bọ̀ọ̀lì nínú bébà, wọ́n á fún mi ní ìdajì, wọ́n á ní adájọ́ yin ìwé wa. Mo bi wọ́n nígbà kan bóyá wọ́n sọ fún adájọ́ pé èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n jẹ bọ̀ọ̀lì náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó mọ̀ pé ọ́fíìsì wa ni."

Wọ́n kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá, nínú àga wọn, pẹ̀lú ìwé ìròyìn lórí itan. Mo sunkún bí ẹni pé àwọn nìkan ni mo ní láyé. Òótọ́ lẹkún náà.

Nígbà tí àgbà lọ́yà bá kú, kóòtù máa ń jókòó lọ́jọ́ kan, kì í ṣe láti dá ẹjọ́, bí kò ṣe láti dágbére fún un. Gbogbo lọ́yà á wọ gáùnù, àwọn ẹgbẹ́ á yìn ín, ẹnì kan á sì sọ̀rọ̀ fún ẹbí. Ẹbí yàn mí. Nígbà tó ku ọ̀la, Àǹtí Ráfíátù, tó ti di àgbà lọ́yà fúnra rẹ̀ báyìí, wá bá mi ní ọ́fíìsì ká jọ wo ohun tí oníkálukú máa sọ. Ó ní òun máa sọ ti yàrá àwọn obìnrin tó wà lápá ọ̀tún ilé ẹjọ́ tuntun, pé Bàbá ló jà fún un. Mo ní ó dára. Ó nu ojú rẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ kan bí ẹni tó ń yìn mí.

"Ìwọ náà ló yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Fọlákẹ́. Ìwọ lo yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa."

Mo ní kí ni mo yọ̀ǹda.

Ó wò mí. Ó ní nínú àwòrán ilé náà, gẹ̀rẹ́ kan wà lápá ọ̀tún fún àwọn tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Àwọn tó ń kọ́lé ní bí àwọn lọ́yà bá fẹ́ yàrá obìnrin, ibẹ̀ ló máa bọ́ sí, kí wọ́n mú ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ jókòó yí tábìlì ká ní ọ́fíìsì yìí gan-an, ẹnì kan sì dárúkọ mi. "Bàbá ló dáhùn," ni Àǹtí Ráfíátù wí. "Wọ́n wá ní, 'Ẹ mú yàrá. Fọlákẹ́, ọmọ mi ni, á gbà fún mi.' Wọ́n bu ọwọ́ lù ú. Wọ́n ní àwọn á sọ fún ẹ ní ọjọ́ Sọ́ńdè."

Mo wo tábìlì náà.

"Wọn ò sọ fún ẹ?" ló bi mí. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n dá wà.

Ìwé náà wà nínú fáìlì, kò tilẹ̀ fara pamọ́. Orúkọ Bàbá wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sí mi níléèwé. Ẹ má ṣì mí gbọ́. Obìnrin ni mí, mi ò bínú pé àwọn obìnrin ní yàrá, ẹ̀tọ́ wọn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi kò tíì wọ inú rẹ̀ rí. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n fi ohun tí kì í ṣe tiwọn ṣe ọ̀làwọ́. Àlejò ni wọ́n ń bi ní ohun tó fẹ́. Ọmọ ẹni ni wọ́n ń pinnu fún láì bi í. Wọ́n sì jẹ́ kí n máa bú ìjọba fún ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n ń bá mi bú u, bọ̀ọ̀lì sì wà lẹ́nu wọn. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè tí a fi jókòó lórí Gẹ̀rẹ́ l'Óǹdó, wọn ò sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo tètè dé ilé ẹjọ́. Àwọn ọlọ́pàá wá, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn mí. Mo kó ọ̀pá mi méjèèjì lé itan, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, mo kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, mo sì fi ìdí wọ́ gòkè bí mo ṣe máa ń ṣe ní kékeré, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn lọ́yà ń dé, wọ́n ń dúró, kò sẹ́ni tó kọjá mi. Láti orí àtẹ̀gùn keje mo rí gbogbo iwájú ilé náà dáadáa, àti òdòdó pupa tí wọ́n gbìn sápá òsì, tí mi ò kíyè sí nígbà àkọ́kọ́ nítorí ńṣe ni wọ́n gbé mi kọjá. Nígbà tí mo dé òkè, erùpẹ̀ funfun ti bo ẹ̀yìn gáùnù mi. Mi ò gbọ̀n ọ́n.

Àwọn ẹgbẹ́ lọ́yà yin Bàbá títí. Wọ́n ní Bàbá ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Àǹtí Ráfíátù dìde, ó wò mí, ó sì jókòó láì sọ̀rọ̀ yàrá náà rárá. Ó wá kàn mí. Obìnrin ni adájọ́, ṣùgbọ́n Olúwa mi náà là ń pè é. Mo fi ọ̀pá dìde.

"Olúwa mi, Fọlákẹ́mi Akíndùró ni orúkọ mi."

Ó mú bírò. Ó ní ṣé fún ẹbí olóògbé ni mo wá.

Mo ní, "Rárá, Olúwa mi. Mo wá fún ara mi."

Adájọ́ kọ ọ́, mo rí i tó kọ ọ́, orúkọ mi látòkè délẹ̀. Ó ní kí ni mo ń béèrè. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti òru sá lọ, ó wá ku ẹyọ kan, kì í sì í ṣe tèmi.

"Olúwa mi, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Adájọ́ wò mí, ó wo erùpẹ̀ ara gáùnù mi, ó sì dìde. Gbogbo kóòtù bá a jáde, wíìgì àti gáùnù nínú oòrùn, wọ́n sọ̀kalẹ̀, èmi náà sì fi ìdí wọ́ tẹ̀lé wọn. Adájọ́ dúró nísàlẹ̀, ó ń ka àtẹ̀gùn. Mo nawọ́ sí yàrá àwọn obìnrin lápá ọ̀tún, mo sọ fún un pé ibẹ̀ ni gẹ̀rẹ́ náà ì bá wà, pé wọ́n ní kò sí àyè fún méjèèjì. Ó wo ibẹ̀. Ó wá yí sápá òsì, ó rìn ín já, ẹsẹ̀ bàtà bíi ogún, láti ògiri dé ojú ọ̀nà.

"Kí ló wà níhìn-ín?" ló béèrè.

Àwọn àgbà lọ́yà sún mọ́ ọn láti wò ó.

"Òdòdó ni, Olúwa mi," ni mo wí.

Bàbá, ibẹ̀ ṣófo látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà. Yàrá ì bá wà, ọ̀nà mi ì bá wà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo wa pé ká máa lọ wò ó. Nígbà tó kan tèmi, ẹ jókòó ti tábìlì.